Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni "run" máa ń bá rìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì?

"Run" kọjá eré sísá. Ẹni tó ń "run a business" ń darí òwò ni. Ẹni tó ń "run a fever", ara rẹ̀ ń gbóná. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé e ló máa ń da orí èèyàn rú jù: "run out of milk", mílíìkì ti tán, "run into a friend", a ṣèèṣì pàdé ọ̀rẹ́ (ẹnikẹ́ni ò fara pa o!), àmọ́ "run into a wall", a kọlu ògiri lóòótọ́. Tó bá kan ìdìbò, "run for president" ni wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà. Ní Ìlú Ọba, "stand" ni wọ́n sábà máa ń lò fún ẹni tó ń du ipò.