Ẹ má tíì ra ìlẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí táìlì kọ́kọ́ wà nílẹ̀

Àǹtí wa tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Houston, ẹ kú wàhálà ilé. Ẹ ní ẹ fẹ́ tún ilé bàbá yín n'Íbàdàn ṣe kí Kérésì tó dé, àbúrò yín sì ní kẹ́ ẹ tètè fi owó ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ wọn ránṣẹ́ kí ọjà tó tún gbówó lórí. Àyà mi já nígbà tí mo kà á. Ohun tí àbúrò tèmi náà sọ nìyẹn, mo sì ṣe é, láti London níbí, lórí ilé bàbá wa l'Ókè-Àdó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Àbúrò mi fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà àbáwọlé: ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 1. Kò purọ́. Ìlẹ̀kùn onírin tí a rí l'Órílé-Coker l'Ékòó, tòun ti férémù rẹ̀, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11. Ó yẹ kó wọlé wẹ́rẹ́. Mo sanwó, wọ́n fi mọ́tò gbé e wá s'Íbàdàn, wọ́n gbé e ti ògiri pálọ̀. Ìgbà yẹn ni onítáìlì wá dé. Ilẹ̀ ilé àtijọ́ kì í tẹ́jú, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó fi lẹ́fẹ̀lì wò ó, ó ní yàrá bàbá ga ju pálọ̀ lọ, àfi kí òun fi sìmẹ́ńtì gbé pálọ̀ sókè kí òun tó tẹ́ táìlì. Sìmẹ́ńtì àti táìlì jọ jẹ íǹṣì 3. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí àbúrò mi wọ̀n, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10 ló kù. Ìlẹ̀kùn wá fi íǹṣì kan ga ju ojú ibi tó fẹ́ wọ̀.

Tó bá jẹ́ onípákó ni, káfíńtà á fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni yóò fá ti irin? Ẹni tó tà á ní òun ò gbọjà padà, pé a ti ya ọ̀rá ara rẹ̀. Bíríkìlà ní kò séwu, òun á gé líńtẹ̀, ìyẹn kọnkéré tó dábùú orí ẹnu ọ̀nà, díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Fọ́tò ni mo rí lórí WhatsApp láàárín òru, nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀: wọ́n ti fi òòlù họ abẹ́ líńtẹ̀, irin inú rẹ̀ yọ síta bí egungun ẹja, èérún kọnkéré wà lórí táìlì tuntun, mẹ́rin nínú táìlì ọ̀hún sì ti sán. Líńtẹ̀ yẹn ló gbé gbogbo búlọ́ọ̀kù orí ẹnu ọ̀nà ró! Igi la fi ti ògiri kí a tó fọ́ ọ dànù, a sì da òmíràn. Owó tó bá a lọ ju owó ìlẹ̀kùn lọ.

Táìlì mẹ́rin tó sán ńkọ́? Wọ́n padà sí ìsọ̀ tí a ti rà á, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọ̀ ara páálí yàtọ̀. Tí oòrùn bá wọlé lọ́sàn-án, ẹ ó rí i bí ẹni lẹ aṣọ mọ́ aṣọ. Ẹ ra gbogbo táìlì yín lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà ara páálí bára mu, kẹ́ ẹ sì fi páálí méjì pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ń fọ́ líńtẹ̀ lọ́wọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sára ògiri, wọ́n ní ká mú pùláànù ilé wá. Ilé tí bàbá wa kọ́ ní 1974! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń dá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin padà, pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Inú ṣì ń bí mi di òní. Ẹ wá pùláànù bàbá yín jáde nísinsìnyí, ẹni yòówù tó bá béèrè owó, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ san án sí báǹkì.

Ti dọ́ọ̀mù ẹrù tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé: ẹ má kó súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà rárá. Iná yín 120 volt ni, tilé 230 ni, àpótí inú ògiri wa sì rí bákan dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti Ìlú Ọba, tiyín gùn gbọọrọ. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn, tápù àti hínjì, ọjà Ògùnpa n'Íbàdàn tó yín. Kí àbúrò yín má kàn gba ohun tó ń dán bíi wúrà. Tí òòfà bá mú un, irin tí wọ́n fi àwọ̀ bò ni. Àmọ́ òòfà kì í mú idẹ, kì í mú síǹkì náà, nítorí náà kó gbé méjèèjì lọ́wọ́ kó fi wéra: idẹ wúwo jù. Bálùwẹ̀ ni síǹkì ti ń bó kíákíá. Hínjì mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sí ìlẹ̀kùn tó bá wúwo. Kọ́kọ́rọ́ àbáwọlé, ẹ pààrọ̀ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn oníṣẹ́ bá kó irinṣẹ́ wọn lọ.

Iṣẹ́ yín á yọrí, Àǹtí. Tiwa ti parí báyìí, Màmá ti kó wọlé, wọn kì í kọsẹ̀ láti pálọ̀ dé yàrá mọ́. Ẹ fi owó táìlì nìkan ránṣẹ́ lóṣù yìí. Tó bá ti gbẹ, kí wọ́n ti orí táìlì wọn gíga ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan dé abẹ́ líńtẹ̀, ní ọ̀tún, ní òsì, ní àárín, kí wọ́n ya fọ́tò téèpù náà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà wọn síbí fún mi kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí ìlẹ̀kùn. Màá bá yín wò ó.