Ta ló sọ oṣù kẹta di oṣù karùn-ún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Excel ni a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó tí a yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó wà ní Houston ló ń bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi fáìlì CSV (ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín sí kọ́lọ́ọ̀mù) ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì fi Excel dá èsì padà. Ìyá kan san gbèsè wọn ní 05/03/2024, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Èsì tó dé sọ pé oṣù karùn-ún ni wọ́n san án, a sì ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọjọ́ mìíràn ò yí padà rárá. Ṣé ẹnì kan ló fọwọ́ bà á ni? Báwo ló ṣe yẹ ká máa kọ ọjọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ dá owó ìyá padà fún wọn ná. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ ba nǹkan kan.

Bí a ṣe ń pe ọjọ́ lẹ́nu ní Nàìjíríà la ṣe ń kọ ọ́: ọjọ́ ló ń ṣáájú, oṣù á tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú. Bí kọ̀ǹpútà tó wà ní Houston ṣe rí 05/03/2024, ó kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé orí 17/03/2024, ó wá oṣù kẹtàdínlógún títí, kò rí i, ló bá fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi yí tí àwọn kan ò yí. Ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá inú oṣù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà. Tí a bá yọ àwọn bíi 05/05, tí kíkà méjèèjì bára mu, ọjọ́ 132 ló lè yí báyìí nínú ọdún kan.

Ẹ ṣí fáìlì tó dá padà yẹn, kí ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù ọjọ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fọwọ́ tò ó, ẹ ó rí i pé àwọn ọjọ́ kan fara ti ọ̀tún nínú àpótí wọn, àwọn kan fara ti òsì. Àwọn tó wà lósì ni Excel ò dá mọ̀ ní ọjọ́, ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó tò gẹ́rẹ́ sí ọ̀tún, tí ojú á kọ́kọ́ gbà, àwọn gan-an ló ti yí. Ká tiẹ̀ ní CSV ló fi dá èsì padà ni, kọ̀ǹpútà yín ì bá tún yí i sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní rí àléébù kankan lójú ọjọ́, ṣùgbọ́n ìtanràn tó ti ṣírò á ṣì wà lọ́rùn ìyá.

Ẹ má wulẹ̀ fi yíyí ìrísí ọjọ́ da ara yín láàmú. Nọ́ńbà ni ọjọ́ jẹ́ nínú Excel. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni nọ́ńbà 1, ó sì ń kà á bọ̀ látibẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2024 jẹ́ 45356, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún jẹ́ 45415. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì: ọjọ́ 59 tí ẹ gba ìtanràn lé lórí nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ló yí, aṣọ tí a wọ̀ fún un kọ́. Inú CSV tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nìkan ni ọjọ́ tó tọ́ kù sí, ẹ má pa á rẹ́.

(Nígbà tí mo wà nídìí nọ́ńbà yìí: Excel orí Mac àtijọ́ máa ń ti ọdún 1904 bẹ̀rẹ̀, òdo ló sì fi ń ka ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dà bí ìgbà tí àwa ń sọ pé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí àlejò sì ń jiyàn pé mẹ́rin ni òun kà. Tí ọjọ́ inú fáìlì kan bá fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.)

Bó ṣe yẹ kí ẹ máa kọ ọ́ nìyí: 2024-03-05. Ọdún, oṣù, ọjọ́, pẹ̀lú òdo níwájú nọ́ńbà tó bá jẹ́ ẹyọ kan. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 8601 ni, ọdún 1988 ló jáde. Excel Ìbàdàn àti ti Houston á kà á bákan náà. Kódà bí kọ̀ǹpútà bá kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, tí ẹ bá ní kó tò ó, á tò tẹ̀léra-tẹ̀léra láti ọjọ́ àtijọ́ sí tuntun. Ẹ má gé ọdún kúrú o. Tí ẹ bá kọ ọjọ́ ìbí bàbá kan ní 12/06/28, ọdún 2028 ni Excel á fi wọ́n sí, bàbá á di ẹni tí wọn ò tíì bí.

Lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ mú kọ́lọ́ọ̀mù ọjọ́ lódindi, ẹ tẹ Ctrl àti 1, ẹ lọ sí Custom, ẹ kọ yyyy-mm-dd síbẹ̀, kí ẹ tó wá tọ́jú rẹ̀ bíi CSV. Ohun tí ojú rí ni CSV ń gbé lọ. Notepad ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá tún fi Excel ṣí i, á wọ aṣọ ìlú yín padà fún un, tí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yín di òfo. Ẹ sọ fún ẹni yín ní Houston pé kó jáwọ́ nínú títẹ CSV lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Inú Data ni kó lọ, kó yan From Text/CSV, kó sì wo ohun tó fẹ́ wọlé kó tó gbà á. Ní ti fáìlì àtijọ́, kó mú ọjọ́ wọlé bí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kó lo Text to Columns, kó yan Date, kó sì mú DMY ní ìgbésẹ̀ kẹta. Ìyẹn ló ń sọ fún Excel pé ọjọ́ ló ṣáájú.

Ẹ ò béèrè nípa aago, ṣùgbọ́n òun náà ń bọ̀ wá bá yín. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ní Ìbàdàn, báyìí la ṣe ń kọ ọ́: 2024-03-05T14:30:00+01:00. T ló pààlà láàárín ọjọ́ àti aago. +01:00 tó gbẹ̀yìn ń sọ pé a fi wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé (UTC). Nàìjíríà àti Benin kì í yí tiwọn, òdo ni Tógò. Houston máa ń yí: -06:00 nígbà òtútù, -05:00 nígbà ooru. Ẹ fi aago sí ibi tó bá yẹ nìkan. Mo ti bá iléeṣẹ́ kan tún ọjọ́ ìbí òṣìṣẹ́ ṣe rí, tí gbogbo rẹ̀ fi ọjọ́ kan rẹ̀yìn. Ẹnì kan ló so aago òru mọ́ ọjọ́ ìbí. Agogo méjìlá òru Nàìjíríà sì rèé, mọ́kànlá alẹ́ àná ló ṣì jẹ́ ní aago àgbáyé.

Tiyín ni pé ẹni tó bá sanwó láti Houston ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, ó ti di aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kẹfà ní Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni gbèdéke, ṣé ó pẹ́ àbí kò pẹ́? Excel ò lè dáhùn ìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé, kí ẹ fẹnu kò sí aago ìlú tí ẹ ó máa lò, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí kọ́lọ́ọ̀mù náà gan-an.