Bí òṣìṣẹ́ yunifásítì ṣe lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí kò ní túká láàárín sáà kan

Ìbéèrè: Àwa márùn-ún kan wà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń tọ́jú òbí tó ti dàgbà nílé. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ yunifásítì wa tí irú rẹ̀ ń bá fínra. Ẹnì kan ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ òfin ẹgbẹ́, ẹlòmíràn ní inú yúnìọ̀n kò ní dùn sí i. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń rìn fún ìlera wà níbí tẹ́lẹ̀, sáà kan kò pé tó fi túká. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ òfin kankan. Ẹ kọ́kọ́ pàdé lẹ́ẹ̀mẹta ná. Ẹgbẹ́ tó bá fi òfin bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn lórí ta ni alága, ta ni akápò ló máa ń gba ìpàdé àkọ́kọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹni tó tìtorí ìnira ilé wá kò sì ní padà wá mọ́. Lẹ́yìn ìpàdé kẹta ni ẹ óò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá gan-an. Ìgbà náà ni kí ẹ kọ ojú ewé kan ṣoṣo: ẹni tí ẹgbẹ́ wà fún, ohun tí ẹ ń ṣe, iye ìgbà tí ẹ ń pàdé, bí ẹ ṣe ń yan olùdarí àti bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹgbẹ́.

Ti yúnìọ̀n kò le. Yúnìọ̀n ló ń bá aláṣẹ dúnàádúrà lórí owó oṣù, ìsinmi àti wákàtí iṣẹ́. Tiyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún akọ̀wé wọn kí ẹ tó lẹ ìkéde mọ́ ògiri, kí ó má jẹ́ lẹ́nu ará òde ni yóò ti gbọ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú yín bá wá rí i pé òfin ìsinmi kò rọrùn fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹ kó ìrírí yín jọ, ẹ yọ orúkọ kúrò, kí ẹ gbé e fún yúnìọ̀n. Ẹ má lọ jókòó dúnàádúrà fúnra yín. Ní àwọn ibì kan, ọ̀rọ̀ òfin ni èyí: ní Amẹ́ríkà, òfin ìbáṣepọ̀ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1935 kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ aládàáni láti máa darí ẹgbẹ́ tó ń bá a jíròrò lórí ipò iṣẹ́, tàbí láti máa náwó sí i. Ẹgbẹ́ tó ń gba yàrá àti owó lọ́wọ́ yunifásítì aládàáni, tó sì tún fẹ́ bá a jà lórí owó oṣù, lè kó sínú wàhálà yẹn.

Àkókò ìpàdé ló ń pa irú ẹgbẹ́ báyìí jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Yunifásítì kì í ṣe ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ ń tẹ̀lé àkókò kíláàsì rẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń tẹ̀lé aago, àwọn tó ń tún ilé ṣe ti parí iṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lọ́sàn-án lóru. Bí ẹ bá fi gbogbo ìpàdé sí aago méjìlá ọ̀sán, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lẹ dá sílẹ̀, ohun yòówù kí ẹ pè é. Ẹ ní àkókò méjì tí ẹ óò máa pààrọ̀: oṣù kan ní ìsinmi ọ̀sán, oṣù kejì ní ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kí ọjọ́ náà dúró sójú kan, bíi Wẹ́sídeè kejì nínú oṣù, kí ìpàdé má sì kọjá ìṣẹ́jú 45. Ẹ má máa béèrè lóṣooṣù pé ọjọ́ wo ló rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Kò sí ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn ni yóò sì gba oṣù tán.

Kàlẹ́ńdà yunifásítì náà ní tirẹ̀. Lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ìdánwò àti ìsinmi gígùn, èèyàn kì í wá. Ẹ ti kéde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ẹ kò ní pàdé láwọn oṣù wọ̀nyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó pa ẹgbẹ́ onírìn yẹn nìyí: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ tagbáratagbára nígbà tí sáà ń wọlé, iṣẹ́ ìdánwò á dé, èèyàn méjì péré á yọjú, olùdarí á sì rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́. Lọ́dọ̀ yín, bí èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ bá wá, ó dára gan-an, kódà bí orúkọ 60 bá wà nínú ìwé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì fèsì ní kíkọ, bóyá wọ́n ka ìpàdé mọ́ wákàtí iṣẹ́. Fún ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní wákàtí-wákàtí, owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bákan náà, ilé iṣẹ́ mìíràn ló lè gba àwọn tó ń tún ilé ṣe síṣẹ́; orúkọ wọn lè má sí nínú ímeèlì yunifásítì, nítorí náà ẹ lẹ ìwé ìkéde síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ẹgbẹ́ onírìn tàbí ẹgbẹ́ akọrin, ohun tí wọ́n jọ ń ṣe ló ń gbé e ró. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló máa gbé tiyín. Ọ̀rọ̀ àìsàn, owó àti ìjà ọmọ ìyá ni yóò máa jáde níbẹ̀. Ẹ má fi gbogbo èèyàn sórí WhatsApp kan náà láì gba àṣẹ wọn, torí nọ́ńbà kálukú yóò hàn. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹnì kan kò ní rí orúkọ ẹnì kejì. Bí aláṣẹ bá béèrè ìwé orúkọ, iye èèyàn ni kí ẹ fún wọn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lè wá, àmọ́ kó sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ bí àwọn ọ̀rọ̀ kan bá wà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fipá mú un láti ròyìn.

Ipò tún ń dá nǹkan rú. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìpàdé á di kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ máa ṣí i.

Olùdarí méjì ni kí ẹ yàn, ọdún kan kan, kí sáà wọn má parí lọ́jọ́ kan náà. Oṣù mẹ́fà ni kó wà láàárín wọn. Ímeèlì ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹ gba àdírẹ́sì lọ́dọ̀ yunifásítì, kí àwọn méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹni náà bá gba iṣẹ́ síbòmíràn ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá a lọ.

Ẹ wá alátìlẹ́yìn kan láàárín àwọn ọ̀gá, kó má jẹ́ ọ̀gá ẹnikẹ́ni nínú yín ní tààrà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá yín gba yàrá, kó sì bá ọ̀gá ẹ̀ka tí kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sọ̀rọ̀; kò pọn dandan kó máa wá sí ìpàdé.

Ní ti owó, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọdún àkọ́kọ́. Yàrá ni ẹ nílò. Bí yunifásítì bá fẹ́ fún yín lówó, kó wà nínú ìwé owó ẹ̀ka kan, kó má ṣe wọ àpò ìfowópamọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí gbogbo yín fọkàn tán.