Ṣé mo lè tọ́ ọtí àjàrà wò kí n sì tu ú dànù?

Ìbéèrè: Àsàláàmù aléékúmù, Àfáà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni mò ń kọ́. Wọ́n fẹ́ mú wa lọ sí Bordeaux nílẹ̀ Faransé. A ó wo oko àjàrà àti ilé tí wọ́n ti ń pọn ọtí rẹ̀ ní Saint-Émilion, a ó jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn. Wọ́n ní a lè tọ́ ọtí náà wò ká tu ú dànù. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláàmù, ọmọ mi. Àjàrà ò lẹ́bi. O ṣáà mọ ẹmu: èyí tó ń kán láti ara ọ̀pẹ láàárọ̀ kì í pa èèyàn bí ọtí, àmọ́ bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan. Bẹ́ẹ̀ ni omi àjàrà náà rí. Rìn nínú oko wọn, kọ́ ohun tí wàá kọ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní èyí tí kò tíì kan, mu ún.

Títọ́wò yẹn ni mi ò lè gbà fún ọ. Nínú Súrà Máídà, ẹsẹ 90, Ọlọ́run ní ká jìnnà sí ọtí. Ta ló jìnnà sí ohun tó gbé sórí ahọ́n? Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) sì sọ pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa èèyàn bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ náà èèwọ̀ ni. Bí o ṣe máa ń dìde níbi ìnáwó tí wọ́n bá ti gbé sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, jáde, dìde níbẹ̀ náà.

Oúnjẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí inú ìkòkò ni ọtí ń fara pamọ́ sí. Ọtí pupa ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ bordelaise tí wọ́n ń dà sórí ẹran. Ẹja lamproie, ọtí àti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é. Canelé, àkàrà òyìnbó kékeré tó dùn gan-an, ọtí rọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa tá à ń tẹ̀lé Imáámù Máálíkì, nájíísì, ìyẹn ohun àìmọ́, ni ọtí, iná ò sì lè sọ ọbẹ̀ tí wọ́n dà á sí di mímọ́. Béèrè kí o tó tọwọ́ bọ abọ́. Alásè ni ọ́, ìbéèrè kì í ṣe ìtìjú fún ọ. Fínígà tó ti ara àjàrà wá ní tiẹ̀, jẹ ẹ́. Ànábì yìn ín.

Bí wọ́n bá wá fi igo kan dá ọ lọ́lá, má gbé e wálé fún aládùúgbò tí kì í ṣe mùsùlùmí, má sì tà á. Ọkùnrin kan gbé ọtí wá fún Ànábì lẹ́bùn nínú àpò awọ. Nígbà tó gbọ́ pé ó ti di èèwọ̀, ó yọ́ sọ fún ẹnì kan pé kó lọ tà á. Ànábì ní Ẹni tó ka mímu rẹ̀ léèwọ̀ náà ló ka títà rẹ̀ léèwọ̀. Ọkùnrin náà tú àpò, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.