Ẹ Bi Wá: Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí Omi Kì Í Wọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko kòkó ni mo ń yí ká láti Iléṣà títí dé Ìfẹ̀wàrà, mo ń wọn ilẹ̀, mo sì ń kọ orúkọ àgbẹ̀ àti iye àpò sílẹ̀. Ọ̀kadà ni mo ń gùn, òjò sì ti ba tábúlẹ́ẹ̀tì méjì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnì kan fẹ́ ta Sony Xperia Z3 Tablet Compact àlòkù fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ rì sínú abọ́ omi lójú mi, ó yọ ọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n rà á, àbí kí n tú owó jọ ra Samsung Galaxy Tab Active5? — *Olùkàwé, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹ̀rọ náà ò burú láti ilẹ̀ wá. Nígbà tó jáde lọ́dún 2014, agbára káká lèèyàn fi lè rí tábúlẹ́ẹ̀tì ínṣì 8 tó fúyẹ́ tó o: gíráàmù 270 péré, IP65 àti IP68 (àmì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dènà eruku àti omi tó) sì ni Sony kọ sí i. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni wàhálà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ rí? Bó bá ní rárá, bátìrì àtijọ́ lẹ fẹ́ fowó rà, kò ní bá yín dé ìrọ̀lẹ́ lóko. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹ̀yìn náà ká ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ooru ni wọ́n fi ń yọ́ ọn kó tó ṣí. Bí wọn ò bá sì fi gọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n gé bá ojú rẹ̀ mu lẹ̀ ẹ́ padà, àlàfo tí kò ju fọ́nrán irun lọ ti tó omi. Yàtọ̀ síyẹn, Android 6 ni Sony bá a dé, ọ̀pọ̀ áàpù ni kò sì gbà á mọ́.

Abọ́ omi tí wọ́n fi hàn yín yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Omi tó wọnú ẹ̀rọ kì í sábà pa á lójú ẹsẹ̀. Á jókòó sábẹ́ bọ́ọ̀dù, á máa jẹ bàbà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí kò ní tàn mọ́. Owó ti kúrò lọ́wọ́ yín nígbà yẹn.

Tab Active5, tó jáde lọ́dún 2024, wúwo jù ú lọ (gíráàmù 433), ṣùgbọ́n iṣẹ́ bíi tiyín gan-an ni wọ́n ṣe é fún. IP68 ni. 6 yẹn ni ti eruku: kò wọlé rárá. 8 ni ti omi: ó kọjá mítà 1 tí IP67 dúró sí, iléeṣẹ́ tó ṣe é ló sì máa sọ bó ṣe jìn tó. Mítà 1.5 fún ìṣẹ́jú 30 ni Samsung sọ, nínú omi tó mọ́ tó sì dúró jẹ́ẹ́. Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára yàtọ̀ síyẹn. Nọ́ńbà 5 inú IP65 ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn: omi tó ń tú láti páìpù ẹlẹ́nu mílímítà 6.3, lítà 12.5 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ lè yege nínú ọ̀kan kó fìdí rẹmi nínú èkejì, ìdí nìyẹn tí Sony fi kọ méjèèjì. Nítorí náà, bí òjò bá ń na yín lójú lórí ọ̀kadà, inú àpò ni kí tábúlẹ́ẹ̀tì wà.

Bátìrì 5050 mAh rẹ̀ ṣeé yọ, èékánná lásán lẹ máa fi ṣí ẹ̀yìn. Àǹfààní ńlá ni lóko tí kò síná, ibẹ̀ náà ni omi sì ń gbà wọlé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Rọ́bà kan wà nínú ọmọrí ẹ̀yìn náà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ wò ó bóyá iyanrìn tàbí irun lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ etí ọmọrí yí ká, pàápàá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí yóò fi dún “kẹ́” níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná tọ etí rẹ̀ lọ. Bó bá kọ́ níbì kan, kò tíì wọlé níbẹ̀. Ẹ má ṣí i nínú eruku pupa.

Bí ẹ̀kán òjò bá wà lójú rẹ̀, á máa tẹ ohun tí ẹ ò tẹ̀, torí pé iná tó ń gba ara ìka ló fi ń mọ ìka, omi náà sì ń gbé iná. Ẹ lo bírò S Pen tó bá a wá. Omi kì í da ìyẹn láàmú.

Ìbéèrè: Galaxy Tab S9 FE mi já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rẹ aṣọ sí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kì í bọ inú ìrẹsì. Ó ti di ọjọ́ méjì báyìí. — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìrẹsì, kí ẹ sì máa wá nǹkan mìíràn fi ìrẹsì ṣe. Kì í fa omi ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ á sì lọ dí ihò ṣáàjì. Ọṣẹ ló yẹ kó kó ìdààmú bá yín: ó máa ń jẹ́ kí omi yọ́ gba ibi tí omi lásán ò lè gbà.

Ẹ pa á. Ẹ má fa ilé káàdì jáde, rọ́bà tó wà níbẹ̀ wà lára ohun tó ń dí omi. Bí wọn ò bá tíì ṣí i rí, tí kò sì fọ́ níbì kankan, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ nù ún, ẹ kọ ihò ṣáàjì rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ rọra gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kó wá wà níwájú fáànù fún wákàtí 24. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun sí i, ooru rẹ̀ á yọ́ gọ́ọ̀mù. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ihò náà. Bí ẹ bá kì í bọ ṣáàjì tí àwòrán ẹ̀kán omi yọ, ẹ fà á yọ, kó tún gbẹ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá wà lẹ́yìn dígí kámẹ́rà, omi ti wọlé nìyẹn. Ẹ má tàn án, ẹ má ṣáàjì rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tú u lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Ṣé iPad mini náà lè gba omi? Ṣé ọ̀rá tí wọ́n ń kó fóònù sí lè dáàbò bò ó?

Ìdáhùn: Apple kò kọ nọ́ńbà omi kankan sí iPad. Ọ̀rá náà dára, bí ó bá gba iPad láìfún un. Kí ẹ tó lò ó, ẹ ki bébà ìnujú gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún ìṣẹ́jú 30. Bí bébà bá tutù níbì kankan, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má sì ṣáàjì iPad nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbé e sínú oòrùn: ooru kì í ráyè jáde níbẹ̀.