Igbó ẹgàn Congaree pẹ̀lú àwọn ọmọ àti Màmá: ṣé àárọ̀ lọ ìrọ̀lẹ́ bọ̀ ṣeé ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Charlotte ní North Carolina la wà. Àwọn ìbejì wa jẹ́ ọmọ ọdún 8, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn títí di ìparí oṣù kẹta. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìbejì ní iléèwé nípa igbó tí ẹnikẹ́ni ò gé rí, wọ́n sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn gbọ́dọ̀ fojú ara àwọn rí i. Congaree ní South Carolina ni mo ń wò. Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ ọmọ? Ṣé ìyá mi tí orúnkún ń dùn lè rìn ín? Ejò ńkọ́? Màmá ti sọ pé ta ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ igbó ẹgàn lọ ṣeré. Kí ni kí n dì dání? A ò fẹ́ sùn síbẹ̀. Ẹ ṣeun.

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ lọ, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orí pákó lẹ máa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí òkè láti gùn, kò sí òkúta láti fò. Ìrìn kọ́ ló ń ba Congaree jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Omi àti ẹ̀fọn ni. Àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ wádìí kí ẹ tó tan mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Ilẹ̀ tí odò Congaree máa ń kún bò ni igbó yìí wà. Lọ́dún kan ó lè kún bí ìgbà mẹ́wàá, ìparí ìgbà òtútù sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ló sì máa ń kún jù, ìyẹn àsìkò tí Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ yín gan-an. Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé oòrùn lè máa ràn wàwà ní Columbia kí omi ti bo igbó mọ́lẹ̀. Odò Broad àti odò Saluda ló pàdé ní Columbia tí wọ́n di Congaree, orí òkè North Carolina sì ni Broad ti ṣàn wá. Òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún lónìí, ó di ọjọ́ díẹ̀ kó tó dé abẹ́ pákó yín. Nítorí náà, wíwo ojú ọjọ́ lórí fóònù kò tó. Ẹ ṣí ojú ìwé Congaree lórí nps.gov, ìkànnì àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè, ẹ ka abala tí wọ́n pè ní "current conditions" ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún wò ó láàárọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ bí wọ́n bá ti apá kan pákó nítorí àtúnṣe tàbí igi tó wó. Bí wọ́n bá ti apá kan, ẹ kò ní lè yí i po. Ẹ óò lọ, ẹ óò sì gba ibi tẹ́ ẹ gbà lọ padà.

Gbogbo àyíká pákó náà jẹ́ máìlì 2.6, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 4. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè yí i po ní wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ fi wákàtí méjì àtààbọ̀ sílẹ̀. Pákó náà pín sí méjì: èyí tó ga, tó jìnnà sílẹ̀, àti èyí tó rẹlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Èyí tó rẹlẹ̀ ni omi kọ́kọ́ máa ń bò. Kẹ̀kẹ́ ọmọ àti àga oníkẹ̀kẹ́ ń gba orí méjèèjì, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tóbi díẹ̀ ló dáa, nítorí ààyè tó wà láàárín pákó sí pákó máa ń mi ọmọ jìgìjìgì bí táyà bá kéré. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní ohun tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ìbejì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí eré sísá, pàápàá láàárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀ tàbí lẹ́yìn òjò. Ewédò tó hù sórí pákó máa ń yọ̀ bí ilá. Bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Fún orúnkún Màmá, àga ìjókòó wà káàkiri ọ̀nà, àmọ́ wọn ò sún mọ́ ara wọn. Bí ó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe fi dandan yí i po. Ẹ gba pákó tó ga lọ títí dé adágún Weston, ẹ sinmi níbẹ̀, kí ẹ sì gba ibẹ̀ padà. Ibi tí odò gbà tẹ́lẹ̀ rí kó tó yà gba ibòmíràn ni adágún yẹn. Ìjàpá omi sì máa ń yá oòrùn lórí igi inú rẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá dáa. Ẹni tó bá rí adágún yẹn àti igi tó wà lọ́nà rẹ̀ ti rí Congaree.

Ó dọwọ́ ẹ̀fọn. Ní ilé àlejò wọn (visitor center, ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, kì í ṣe ilé oorun), wọ́n gbé òṣùwọ̀n ẹ̀fọn kan kọ́ sára ògiri, láti 1 tó túmọ̀ sí pé kò séwu, dé 6 tí wọ́n pè ní pápá ogun. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ kí Màmá tó padà, bí omi bá ti fàyè gbà yín. Oògùn alé-ẹ̀fọn tó ní èròjà DEET láti ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún gbogbo yín. Fún Ìdòwú, ẹ fín in sí àtẹ́lẹwọ́ yín kí ẹ tó fi pa á lára, ẹ má fi kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nítorí ẹnu ni yóò kó o lọ. Oògùn tí wọ́n fi òróró lemon eucalyptus ṣe kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Bí ẹ bá ń lo ìpara oòrùn, òun ni kó kọ́kọ́ lọ sára.

Ti ejò: ó wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú omi ibẹ̀ kò lóró, àmọ́ cottonmouth àti copperhead wà nínú igbó náà, àwọn yìí sì lóró. Ejò máa ń gun orí pákó wá yá oòrùn bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Kí àgbàlagbà kan máa ṣáájú, kí ó máa wo ọ̀kánkán ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ dúró lókèèrè, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ ihò igi. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó bu ẹnìkan ṣán, ẹ má gbẹ́ ojú rẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kó tó wú, ẹ má jẹ́ kó lo ibẹ̀, kí ẹ pe 911. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró dáadáa nínú igbó, nítorí náà kí ẹnìkan yára padà sí ilé àlejò.

Ohun tó máa mú yín ju ejò lọ ni poison ivy. Ẹ ṣàlàyé fún Màmá pé àbúrò wèrèpè ni, á yé wọn lójú ẹsẹ̀. Ewé mẹ́ta ló máa ń wà lórí ọ̀pá kan. Ní ìgbà òtútù tí ewé ti wọ́, okùn onírun tó lẹ̀ mọ́ ara igi lẹ máa rí, òróró tó ń yúnni ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án, ọṣẹ àti omi kíákíá, kí ẹ sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀.

Báyìí, ohun tí àwọn ìbejì wá wò. Igbó bèbè odò bí irú èyí pọ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nígbà kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e tán. Congaree ni èyí tó tóbi jù lọ tó kù láìgé ní ìlà-oòrùn gúúsù, nǹkan bí éékà 11,000. Kì í ṣe pé àwọn agégi ò débẹ̀. Ilé iṣẹ́ Francis Beidler ra ilẹ̀ náà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún nítorí igi cypress. Wọ́n á bó èèpo igi yí ká kó lè gbẹ lórí ìdúró, kó lè léfòó lórí omi, síbẹ̀ púpọ̀ ló wúwo tó rì. Nígbà tó fi máa di 1914 wọ́n ti dáwọ́ dúró. Iye igi tún gbówó lórí ní 1969, wọ́n tún fẹ́ gé, àwọn ará ìlú sì dìde. Akọ̀ròyìn Harry Hampton ti ń pariwo igbó náà láti nǹkan bí 1950. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé àlejò. Ìjọba sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ní 1976, ó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2003.

Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé igbó ẹgàn ni ibi tí gbogbo igi ti tóbi. Igi tó ti kú tó ṣì dúró, èyí tó ṣubú tí olú ń hù lára rẹ̀, àti ihò ìmọ́lẹ̀ níbi tí igi ńlá kan ti wó tí àwọn ọ̀dọ́ igi ń du oòrùn: ìwọ̀nyí ni àmì. Ìjì Hugo ní oṣù kẹsàn-án 1989 ló ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò yẹn. Kí wọ́n tẹ́tí sí ẹyẹ àkókó, inú igi kíkú ló ti ń wá kòkòrò jẹ. Kí wọ́n wá "orúnkún" cypress tó yọ látinú irà bí ọmọ erin jókòó. Títí di òní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Kí wọ́n gbójú sókè wo pine loblolly, òmíràn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 160 lọ. Bí wọ́n bá rí "pawpaw" lára àkọlé, kì í ṣe ìbẹ́pẹ o, igi mìíràn ni. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà lábẹ́ pákó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 níbì kan, ìdí nìyẹn tí kò fi sí sísọ̀kalẹ̀.

Fún Màmá, ẹ sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n sọ, kì í ṣe eré ni wọ́n kọ́kọ́ bá wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ní oko àyíká yẹn máa ń sá wọ inú igbó yìí, wọ́n ń gbé níbi tí ẹṣin àti ajá ọlọ́dẹ ò lè dé. Mo rò pé ìyẹn yẹ kí àwọn ìbejì gbọ́ ju orúkọ igi lọ.

Ìrìn láti Charlotte fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, I-77 sọ̀kalẹ̀ sí Columbia. Ẹ tẹ 100 National Park Road, Hopkins, sínú máàpù. Bí ẹ bá tẹ Congaree lásán, ó lè gbé yín lọ sí bèbè odò níbòmíràn. Ẹ dé ibẹ̀ kí ó tó di aago mẹ́wàá, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún ní Sátidé tí ojú ọjọ́ bá dáa. Wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ilé àlejò, ẹ pààrọ̀ ìlédìí Ìdòwú níbẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Kò sí ẹni tó ń ta oúnjẹ. Mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sísè dára ju ìrẹsì lọ lójú ọ̀nà, tábìlì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlejò. Omi lítà kan fún àgbà, ìdajì fún ọmọ.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ yẹ eégbọn wò lára gbogbo wọn kí ẹ tó wẹ̀: ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ ìgbànú, ẹ̀yìn orúnkún. Bí orí àwọn ìbejì bá wà ní dídì, ẹ tẹ̀lé ojú ìlà irun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná, ibẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi tweezers dì í mú mọ́ awọ ara pẹ́kípẹ́kí, ẹ fà á jáde ní gbọọrọ láìlọ́ ọ.