Èsì: Ta ló ni North Pole?

Bọ̀dá mi, ẹ ní ta ló ni North Pole, ṣóńṣó ayé ní apá àríwá, báyìí tí yìnyín ń yọ́. Kò sẹ́ni tó ni ín o. Àsíá tí àwọn Rọ́ṣíà lọ rì mọ́ ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀ ní 2007, ariwo lásán ni, àsíá kì í gba ilẹ̀ fúnni. Òfin òkun ti UN ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ìlú tó bá létí òkun lẹ́tọ̀ọ́ sí omi títí dé máìlì òkun 200 láti etí òkun rẹ̀, tó bá fẹ́ ìsàlẹ̀ omi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú ẹ̀rí wá pé ilẹ̀ òun ló nà débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí òkè kan wà lábẹ́ omi, Lomonosov Ridge, Rọ́ṣíà ní tòun ni, Denmark ní ti Greenland, erékùṣù tó wà lábẹ́ òun, ni, Kánádà náà gbé fáìlì tiẹ̀ lọ ní 2019. Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ sí nínú àdéhùn òfin òkun yẹn, ẹ wò ó!

Àmọ́ kì í ṣe ìjà ṣáá o. Kánádà àti Denmark du Hans Island fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkúta lásán tí èèyàn kankan ò gbé, ẹni tó bá débẹ̀ á yọ àsíá ẹnìkejì, á wá fi ìgò ọtí sílẹ̀ fún un (àwọn Kánádà, wisikí ni tiwọn), àfìgbà tí wọ́n pín in sí méjì ní 2022.